Kòtò Tí Ó Di Igbó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọmọkùnrin kan ni ó fi ìbéèrè ṣí i fún mi. Wọ́n ń kọ́ kíláàsì tuntun ní ilé-ìwé kan níhìn-ín ní Ẹdẹ, níbi tí mo máa ń mú àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ kí wọ́n lè dánra wò. Àwọn bíríkìlà ń po sìmẹ́ǹtì, àwọn ọmọ sì pagbo yí wọn ká, nítorí kò sí ohun tí ọmọdé fẹ́ràn tó ibi tí àgbàlagbà bá ti ń fi omi po yanrìn. Ọmọ tí mo ń wí yìí, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mú àpò sìmẹ́ǹtì tí ó ṣófo, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì?" Mo ní òkúta ni; wọ́n ń wà á nínú ilẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi iná ńlá sun ún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún ní, "Bí wọ́n bá wa òkúta náà tán, kòtò rẹ̀ ńkọ́, sà?"

Ẹ gbọ́ ná, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní ìdáhùn kan fún un, nítorí mo ti fi ojú ara mi rí irú kòtò bẹ́ẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ òkúta tí à ń sọ.

Òkúta tí wọ́n ń sun di sìmẹ́ǹtì jọ ẹfun lójú, òkúta ẹfun náà ni n ó sì máa pè é. Ó ní ìbátan kan tí ó rọ̀ jù ú lọ, èyí tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ ń gé sí wẹ́wẹ́ fún kíkọ̀wé sí ara pátákó, òun ni orúkọ ṣọ́ọ̀kì ti wá. Inú òkun ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi a máa kú, ìkarahun wọn a máa rì sí ìsàlẹ̀, òmíràn a gun orí òmíràn fún àìmọye ọdún títí gbogbo rẹ̀ yóò fi le di òkúta. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí Èkó, ẹ ó kọjá ní Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀, ènìyàn lè rí ìkarahun ìgbín òkun àti ti akàn tí wọ́n ti di òkúta. Òkun ti dé Ewékorò rí, ẹ̀yin ọmọ mi, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí ó tó padà sí ibi tí ó wà lónìí. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ náà, ó wo àpò sìmẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹja yóò jáde nínú rẹ̀.

Kòtò tí mo fẹ́ mú yín lọ jìnnà ju Ewékorò lọ. Ó wà ní Bamburi, ní òkè ìlú Mombasa, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ní etí òkun tí ó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ìpàdé àwọn olùkọ́ ni ó gbé mi dé Nairobi tí í ṣe olú-ìlú wọn. Nígbà tí ìpàdé parí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ fún àwọn ará ilé wọn, èmi wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, ó sì gbé mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí dé etí òkun. Ìyàwó mi kò tíì dárí ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà jì mí.

Ní ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti Bamburi bẹ̀rẹ̀. Etí òkun ibẹ̀, òkúta ẹfun ni gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n hú igbó orí rẹ̀ kúrò, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n wá ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta, katakata ń kó o, ọkọ̀ ń rù ú lọ síbi iná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí tí wọ́n fi wà á dé ibi tí ó kù díẹ̀ kí omi yọ, omi náà sì ní iyọ̀ nínú nítorí pé òkun kò jìnnà. Ohun tí ó kù sílẹ̀ ni pápá funfun kan tí ó lọ súà nísàlẹ̀ kòtò. Kò sí erùpẹ̀, kò sí koríko, kò sí òjìji. Oòrùn a ta sí ilẹ̀, ilẹ̀ a sì ta á padà sí ojú ènìyàn.

Ní ọdún 1971, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ René Haller, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn, gbà láti wo ohun tí a lè ṣe sí ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ kan ní Ẹdẹ níhìn-ín pé kí ni a lè gbìn sórí òkúta lásán tí omi iyọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò rín. Haller kò mọ ìdáhùn náà, nítorí náà ó bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbin oríṣi igi 26 sínú kòtò yẹn, ó sì ń wò wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, oríṣi mẹ́ta péré ni ó yè: igi àgbọn, igi kan tí ó ti ilẹ̀ Sòmálíà wá, àti igi tí wọ́n ń pè ní kasuarínà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé fọkàn sí iye yẹn dáadáa. Nínú 26, 23 kú. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò yín ni, ẹ ó ti máa wá ibi tí ẹ ó sá sí kí bàbá yín má baà rí ìwé èsì!

Kasuarínà ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwa náà ní in nílẹ̀ wa. Wọ́n máa ń gbìn ín sí etí òkun ní Èkó àti sí ọgbà àwọn ilé ìjọba, ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, a sì máa súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Igi àjèjì ni, iyọ̀ kò sì tètè pa á. Ní gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gba inú afẹ́fẹ́ mú oúnjẹ wá fún un, bí irú àwọn tí ó wà ní gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà, tí àwọn àgbẹ̀ wa fi mọ̀ pé ilẹ̀ tí a bá gbin ẹ̀wà sí kì í tètè ṣá. Nítorí náà kò retí kí ilẹ̀ bọ́ òun kí ó tó dàgbà.

Igi yìí dàgbà, òjìji dé, ọkàn Haller balẹ̀. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn tún yọjú. Ewé ń já bọ́, kò sì jẹrà. Ewé kasuarínà korò, ó sì le, kò sí kòkòrò ibẹ̀ tí ó fẹ́ fi ẹnu kàn án. Ó kàn ń gun orí ara rẹ̀ ní gbígbẹ. Bí ewé kò bá sì jẹrà, ibo ni ilẹ̀dú yóò ti wá? Igi tí kò ní ilẹ̀dú lábẹ́ rẹ̀, kò lè ní ọmọ, kò sì lè ní aládùúgbò.

Ẹ wá gbọ́ ẹni tí ó yọ wọ́n. Kì í ṣe katakata, kì í ṣe ajílẹ̀ inú àpò. Ọ̀kùn ni. Ọ̀kùn tí ẹ mọ̀ yìí náà, tí ẹ máa ń fi igi tọ́ kí ó lè ká jọ bí òrùka, tí ìyá yín sì máa ń gbá sóde bí ó bá wọlé lásìkò òjò. Haller rí ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan tí ó ń jẹ ewé kasuarínà náà. Ó ní kí wọ́n lọ ṣa irú rẹ̀ wá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n sì tú wọn sábẹ́ igi. Àwọn ọ̀kùn jẹun, wọ́n yàgbẹ́, ìgbẹ́ wọn di ilẹ̀dú. Nínú ilẹ̀dú yẹn ni wọ́n wá gbin àwọn igi mìíràn sí, tí ó fi mọ́ àwọn igi tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà. Koríko dé, àwọn ẹyẹ dé, tí a kò sì mọ ẹni tí ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n gbẹ́ adágún, wọ́n sin ẹja ẹ̀pìyà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ẹranko wá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ òrukàn tí ìyá wọn ti kú nínú igbó. Ní ọdún 1984 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò. Orúkọ tí ọgbà náà ń jẹ́ nísinsin yìí ni Haller Park.

Ọjọ́ tí mo débẹ̀, oòrùn mú gan-an ní títì tí ó lọ sí Malindi. Ṣùgbọ́n bí mo ti wọ ẹnu ọ̀nà ọgbà, ara mi tutù, mo sì gbọ́ ìró kan lókè tí mo rò pé òjò ń bọ̀. Àwọn kasuarínà ni ó ń súfèé. Mo rí ọ̀nì tí ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo fún àgùnfọn ní oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ahọ́n rẹ̀ gùn, ó dúdú, ó sì há bí pákó. Ìjàpá ibẹ̀ tóbi débi pé ọmọdé lè jókòó lé e, kì í ṣe irú èyí tí à ń pa àlọ́ nípa rẹ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ kò ní ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo fi ìka ha ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo ti ń ha á tí èékánná mi fi kan òkúta funfun. Gbogbo ògo igbó yẹn, orí ilẹ̀dú tí kò nípọn ni ó dúró lé, bí búrẹ́dì tí a fi bọ́tà pa.

N kò lè fi Bamburi sílẹ̀ láì sọ ìtàn Owen, àwọn ọmọ kò ní jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ìgbì òkun ńlá kan tí ilẹ̀ mímì fà ní apá Éṣíà ya dé etí òkun Kẹ́ńyà. Ọmọ erinmi kan tí kò tíì ju bí ọmọ ọdún kan lọ há sórí àpáta inú òkun ní Malindi, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sí mọ́. Ní ọjọ́ kejì àwọn ará ìlú fi àwọ̀n mú un, wọ́n sì gbé e wá sí Haller Park. Wọ́n sọ ọ́ ní Owen, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà á là. Bí wọ́n ti tú u sílẹ̀, kò wo ọ̀tún kò wo òsì, ẹ̀yìn ìjàpá ńlá kan ni ó sá sí. Mzee ni orúkọ ìjàpá náà. Àgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahili. Mzee kọ́kọ́ sá fún un, nígbà tí ó yá ó gbà á. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ pọ̀, wọ́n ń sùn pọ̀, títí wọ́n fi mú Owen lọ bá erinmi ẹgbẹ́ rẹ̀. Kòtò tí kò ní òjìji kan ṣoṣo ní 1971 ni ó di ibi ìsádi fún ọmọ òrukàn yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ ń sọ pé, ta ni ó sanwó rẹ̀? Òótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbẹ́ kòtò náà ni ó gba Haller síṣẹ́, ó sì ní owó. Igbó tí ó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe igbó tí wọ́n hú. Ìyẹn ti lọ, kò lè padà mọ́. Ọgbà ni, ó ní ògiri, àwọn ẹranko rẹ̀ kò sì lè lọ síbi tí ó wù wọ́n. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa gbẹ́ ilẹ̀ kiri nítorí pé ọ̀kùn yóò wá tún un ṣe. Ohun tí mo sọ fún ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè kò ju èyí lọ: kòtò náà kò kú, bí ẹnìkan bá dúró tì í.

Ó ní, "Ti ẹ̀yìn ilé-ìwé wa ńkọ́, sà?"

Ó mú mi. Lẹ́yìn ilé-ìwé wọn, kòtò kan wà. Wọ́n wa yangí níbẹ̀ láti fi rọ ojú títì, wọ́n kó o tán, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Lásìkò òjò, omi a kún un. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tí n kò rí i. Ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, ọmọdébìnrin kan yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀ níbi tí ó ti ń bu omi. Ẹlẹ́mu kan tí ó wà lórí ọ̀pẹ nítòsí ni ó rí i, tí ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá tí ó fà á yọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, wọ́n ní ó sàn kí ó dí.

A pe ìpàdé. Mo sọ ti Bamburi. Bàbá onílẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi sọ tán, wọ́n wá ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ gbin igbó sí ẹ̀yìn ilé àwọn ọmọ wa. Ejò ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, ibi tí eku bá wà ni ejò ń bọ̀, eku sì pọ̀ nínú ìdọ̀tí yẹn báyìí." Ìyá kan dá mi lóhùn pé ẹ̀fọn ńkọ́, n kò sì ní èsì kan tí ó yá létè fún ìyẹn, àfi pé a lè sin ẹja tí yóò máa jẹ ọmọ wọn. Lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀, wọ́n gbà pé kí àwọn géńdé bẹ́ etí kòtò náà kí ó má ṣe dúró ṣánṣán mọ́, kí á fi oparun sọgbà yí i ká, kí àwọn ọmọ sì gbìn sí i lóde ọgbà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí a tó gbin ohunkóhun, mo kó àwọn ọmọ náà lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́. Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Wọ́n kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gé igi. Ìjọba orílẹ̀-èdè yìí kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bò ó ní 1965, UNESCO sì fi í kún àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005. Ó ní oríṣi ewéko tí ó lé ní 400, tí àwọn tí a ń fi ṣe oògùn nínú wọn sì lé ní 200. Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ fi ọwọ́ wa ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó wà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi wọlé dé ọrùn ọwọ́, dúdú náà ni. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí odò, àwọn ọmọ dákẹ́, nítorí omi náà pọ́n bí omi tí a fi fọ bàtà oko. Àwọn tí ń wa góòlù lókè odò ni wọ́n ń tú ẹrẹ̀ sí i. Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ wa kìlọ̀ fún àwọn tí ó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Odò yẹn kan náà ni ó ń ṣàn wá sọ́dọ̀ wa ní Ẹdẹ. Kòtò kò ní láti wà lẹ́yìn ilé ẹni kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni.

Igi 40 ni a gbìn: àgúnmánìyè ni ó pọ̀ jù nítorí pé òun náà mọ bí a ti í mú ilẹ̀ sanra, lẹ́yìn náà mángòrò, kaṣú, àti ọ̀pẹ. Ewúrẹ́ jẹ mọ́kànlá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí a tó rí owó ra wáyà. Ọ̀dá pa òmíràn. Nígbà tí mo kà wọ́n gbẹ̀yìn, ó ku 13, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ àgúnmánìyè. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wa yẹn rán mi létí pé ti Haller burú ju tiwa lọ. Ní òjò tí ó kọjá, òṣíbàtà hù lójú omi, kò sí ẹni tí ó gbìn ín. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ti ń so ilé wọn mọ́ orí oparun, ariwo wọn sì ti pọ̀ débi pé olùkọ́ kíláàsì kẹrin ti fi ẹjọ́ sùn mí.

Ní Mọ́ńdè tí ó kọjá, ọmọ náà gbé agolo mílíìkì kan wá bá mi lẹ́yìn ìwúre òwúrọ̀. Ó ti fi ìṣó lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ọ̀kùn mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, wọ́n ká jọ. Ẹsẹ̀ wọn kò pupa, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀, sà, ṣùgbọ́n àwọn tí òun rí nìyẹn. A jọ rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, a sì tú wọn sábẹ́ igi àgúnmánìyè tí ó ga jù.